Awò tí Bàámi Fi Kọ́lé fún Ìyá Àgbà

Ní ọdún tí Bàámi fi ẹsẹ̀ kan jókòó sílé, ilé méjì ni a ní nínú yàrá kan ṣoṣo tí a háyà ní Ìsọlọ̀. Àkọ́kọ́ ni yàrá náà fúnra rẹ̀, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri ilé kejì débi pé bí èèyàn bá na ọwọ́ síta, ara ògiri ni ọwọ́ rẹ̀ yóò ti dúró. Èkejì wà lórí tábìlì ìjẹun. Kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju páálí bàtà lọ, ṣùgbọ́n ó ní òpó, ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní àtẹ̀gùn, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ gbé àwo ọbẹ̀ sún mọ́ ọn. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni a ti ń jẹun. Màámi máa ń sọ pé òun kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ilé tí kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀ yóò lé àwa tí a wà láàyè kúrò nídìí tábìlì.

Iṣẹ́ káfíńtà ni Bàámi ń ṣe ní Bọ́ládé. Àjà ilé kan ló ń kàn nígbà tí àkàbà yẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, tí egungun ojúgun rẹ̀ sì ṣẹ́. Wọ́n fi Pí-Ó-Pì, ẹfun líle tí wọ́n fi ń di egungun tó ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, dì í láti ọrùn ẹsẹ̀ títí dé itan, wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ fi tẹlẹ̀. Ọkùnrin tó jẹ́ pé ariwo ayùn ni etí rẹ̀ mọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ àgbàlá wa fún ìgbà àkọ́kọ́: garawa tó ń kan ara wọn nídìí kànga láàárọ̀, ìyàwó onílé tó ń kọrin ìsìn pẹ̀lú ohùn tí kò bá orin mu, ẹ̀rọ ìránṣọ kan tó ń sáré tó ń dúró, jẹnẹrétọ̀ tó ń wúkọ́ kó tó gbéra, àti ọlọ ata Ìyá Àgbà tí kì í sinmi. Ó tún gbogbo àga tó wà nínú yàrá ṣe. Ó tún àwọn èyí tí kò bàjẹ́ ṣe pẹ̀lú. Nígbà tí kò sí àga mọ́, ó wá ku ẹnu Ìyá Àgbà nìkan.

Ìyá tó bí Màámi ni Ìyá Àgbà. Ìjì ló ká òrùlé ilé rẹ̀ lọ ní Ìsẹ́yìn, òjò sì wó ògiri alámọ̀ tó kù lulẹ̀, ni Màámi bá lọ gbé e wá bá wa. Ẹni tí ó wá gbé lọ́dọ̀ àna rẹ̀ ọkùnrin, ojú máa ń tì í díẹ̀, nítorí náà ni Ìyá Àgbà ṣe máa ń fi ilé rẹ̀ tó ti wó dáàbò bo ara rẹ̀. Bí omi bá wọ́n nínú àgbàlá, yóò ní kànga wà nínú ilé òun. Bí ooru bá mú, yóò ní atẹ́gùn kì í jẹ́ kí àwọn sùn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ òun. Ó ní òpó mẹ́rin tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí lára ló gbé òrùlé iwájú dúró, pé àwọn tó ń kọjá a máa dúró wò ó, pé adìyẹ òun a sì máa bà sórí àtẹ̀gùn. Àwọn ayálégbé yóò gbọ́, wọn yóò ní, "Ẹ kú ìrántí, mà," wọn yóò sì rẹ́rìn-ín sínú. Lọ́jọ́ kan, tí ó tún ti bẹ̀rẹ̀, Bàámi na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dì gbọnrangandan, ó ní, "Mà, ẹ jẹ́ kí n bá yín kọ́ ọ. Èyí tí ojú lè rí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe jà yín níyàn mọ́."

Ìyá Àgbà yíjú sí i. Ó ní, "Bàbá Bísí, ṣé ẹ mọ ilé náà ni?"

"Mo mọ ilẹ̀ rẹ̀ dáadáa, mà. Lọ́jọ́ tí mo wá tọrọ ìyàwó, ìdọ̀bálẹ̀ ni mo wà."

"Ẹ ò sì gbójú sókè?"

"Ẹ ò ní kí n dìde, mà."

Òótọ́ ni Bàámi sọ. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣe, kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè ohunkóhun. Ó mọ ibi tí sìmẹ́ǹtì ti là, ó mọ ibi tí ìgò kan há sí nínú ilẹ̀. Ó ní òun wo ìgò yẹn fún ìgbà pípẹ́ kí àwọn àgbà tó parí ọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n láti orí ilẹ̀ dé òkè, ẹnu Ìyá Àgbà ló gbára lé. Páálí ló fi ṣe ògiri, inú páálí tó ní ìlà-ìlà ló fi ṣe páànù, igi ìgbálẹ̀ ló sì fẹ́ gbẹ́ ọnà sí lára kó lè fi wọ́n ṣe òpó. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ẹni tó bá máa wà nínú ilé náà kò ní ga ju eyín mi iwájú lọ, ọjọ́ orí sì ti dé ojú Bàámi láìjẹ́ pé ó tíì gbà. Ó na igi ìgbálẹ̀ jìnnà sí ojú títí ọwọ́ rẹ̀ fi tán. Nísinsìnyí tí èmi náà ń na fóònù mi bẹ́ẹ̀ kí n tó lè ka orúkọ ẹni tó ń pè mí, mo mọ̀ pé kì í ṣe igbéraga ló mú kó sọ pé igi ni kò dára. Èèyàn máa ń kọ́kọ́ bínú sí igi ná.

Màámi ló ra awò àkọ́kọ́. Aṣọ ló ń tà ní Aswani, bó sì ti ń bọ̀ láti ọjà ló yà ní Òṣòdì lọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan tó ń gbé awò ojú káàkiri lórí pátákó. Ọmọ náà bi í pé nọ́ńbà wo. Màámi ní kó fún òun ní èyí tó bá lágbára jù. Nígbà tí Bàámi gbé e wọ̀, ojú rẹ̀ tóbi nínú rẹ̀ bí ẹyin pẹ́pẹ́yẹ. Awò náà ń mú nǹkan tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n àfi tí nǹkan náà bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú. Bàámi tẹ orí wálẹ̀, ó ń gbẹ́ òpó, ó ń fi gọ́ọ̀mù sí i, nígbà tó sì gbórí sókè, òpó kan ti lẹ̀ mọ́ irun imú rẹ̀. Màámi ní ẹ̀bi òun ni, pé òun rò pé agbára awò dà bí agbára ata. Ìyá Àgbà, láti ibi tó jókòó sí lẹ́nu ilẹ̀kùn, ní, "Ìka tó bá tọ́ símú la fi ń ro imú." Gbogbo wa gbà pé ó ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni a yá awò ọlọ́wọ́ tí onílé wa, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Alàájì, fi ń ka tírà. Èyí dára púpọ̀, àbùkù rẹ̀ kan ni pé ó ń gba ọwọ́ kan. Bàámi fi ọwọ́ ọ̀tún mú abẹ, ó fi tòsì mú igi ìgbálẹ̀, ó wá wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí kò rí ọwọ́ mìíràn, ó pè mí. Èmi ni mò ń di awò náà mú, mò ń mí, awò sì ń mì pẹ̀lú mi. "Bísí, ilé ń jó," ni Bàámi máa ń sọ, èmi yóò sì dá èémí dúró títí orí yóò fi fẹ́ máa yí mi. Yàrá wa ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan, nítorí ògiri tí mo ti sọ, nítorí náà ni Bàámi ṣe ní kí a gbé tábìlì lọ sí àgbàlá, níbi tí oòrùn wà. Ó ní kò sí iná tó dà bí oòrùn. Kò purọ́. Mo di awò mú lókè òrùlé, Bàámi ń sàmì sí ibi tí páànù ti so pọ̀, Ìyá Àgbà sì ń sọ bí òjò ṣe máa ń dún lórí rẹ̀. Èéfín tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde. Mo rò pé eruku ni. Kí Bàámi tó da omi mímu rẹ̀ sí i, awò náà ti kó oòrùn jọ sójú kan, ó sì ti lu òrùlé Ìsẹ́yìn ní ihò tó tó hóró ẹ̀wà.

Imú ni Ìyá Àgbà fi kọ́kọ́ mọ̀. "Kí ló ń jó?"

"Ilé yín ni, mà," ni Bàámi sọ. Irọ́ kì í yá a lẹ́nu.

Ìyá Àgbà mi orí. "Ìjì mú ti Ìsẹ́yìn. Oòrùn mú ti Ìsọlọ̀. Ó dà bíi pé òrùlé ò sí nínú orí mi."

Olùtún-aago-ṣe kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Bàámi fi awò tirẹ̀ ránṣẹ́, èyí tí wọ́n ń há sí ihò ojú kan. Ó sọ nǹkan kéékèèké di ńlá lọ́nà tó yani lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ojú kan wo nǹkan kì í mọ bó ti jìnnà tó. Bàámi yóò na búrọ́ọ̀ṣì sí fèrèsé ilé náà, ìta fèrèsé ni yóò bá. Ó tún ní láti fún ojú pọ̀ kí awò má baà jábọ́, tó fi jẹ́ pé tí àlejò bá wọlé, yóò rò pé òun bá ọkùnrin náà nínú ìbínú. Alàájì wá gba awò tírà rẹ̀ padà, ó bá a bẹ́ẹ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó má bínú.

Bọ̀dá Sùlé ló mú wa kúrò nínú wàhálà awò yìí. Ó ń gbé ní yàrá kejì sí tiwa, fóònù ló ń tún ṣe, ní àkókò tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Ó mú awò kan wá tí a ń dé bíi fìlà, tí gíláàsì méjì rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ síwájú ojú. Ó jókòó sórí àpótí, ó sì bá Bàámi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ta ọjà tí kì í ṣe tirẹ̀. "Bàbá Bísí, ẹ má wá èyí tó tóbi jù. Bó bá ti ń mú nǹkan tóbi tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó máa sún mọ́ ọn tó, bẹ́ẹ̀ sì ni ibi tí ẹ ń rí á máa kéré tó. Ẹ fẹ́ rí òpó, ẹ tún fẹ́ rí ọwọ́ yín. Èyí tó tóbi tó ni kẹ́ ẹ wá." Bàámi dé e. Ojú rẹ̀ méjèèjì wà níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà níbẹ̀, ìrísí ilé náà kò sì yẹ̀. Ó wo ilé náà yí ká. Lẹ́yìn náà ló ní, "Sùlé, mo ti lẹ gbogbo fèrèsé yìí lódìkejì."

Ti iná ló kù. Màámi ra láǹpù tí a ń ṣáàjì ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Àgọ́ Palace, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ funfun débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí aró. Lábẹ́ rẹ̀ ni Bàámi ti po ọ̀dà tó fi kun ògiri, ó ní àwọ̀ amọ̀ gan-an ló jáde. Nígbà tí a gbé ilé náà síta láàárọ̀, àwọ̀ ẹran tútù ló ní. Màámi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Bọ̀dá Sùlé ní kí a gba láǹpù méjì mìíràn tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀, kí a gbé ọ̀kan sọ́tùn-ún, ọ̀kan sósì, kí òjìji ọwọ́ Bàámi má baà máa bo ohun tó ń ṣe. Oníṣòwò aṣọ ni Màámi, ó mọ ọ̀rọ̀ yẹn ju gbogbo wa lọ. Ó ní bí oníbàárà bá fẹ́ mọ àwọ̀ aṣọ, ẹnu ọ̀nà ni òun ń mú un lọ, kì í ṣe abẹ́ gílóòbù. Ó ta aṣọ funfun kan sí ẹ̀yìn tábìlì kí ìmọ́lẹ̀ lè ta padà. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, nínú yàrá wa tó dúdú, ilé Ìyá Àgbà tàn bí ìgbà tí oòrùn ń là ní ìlú mìíràn. Àwọn ayálégbé wá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín sínú.

Bàámi gba ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀, ó dìde, ó bọ́ awò náà lórí, ó sì dé e sórí gèlè Ìyá Àgbà. "Mà, ẹ wò ó. Òrùlé nìkan ló kù."

Ìyá Àgbà tẹ orí sí i. Ó fara balẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá Bísí. Mo rí i. Mo rí àwọn òpó mi. Ọnà ara wọn dára. Mo rí ilẹ̀kùn iwájú, mo rí adìyẹ mi lórí àtẹ̀gùn." Ó ń sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín. "Ohun tí àgbà bá fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gun igi, kò lè rí i."

Ẹ̀yìn ilé náà ló kọjú sí Ìyá Àgbà. Bàámi ti yí i padà láàárọ̀ kí ọ̀dà apá ibẹ̀ lè gbẹ, ó sì ti gbàgbé. Ohun tó wà níwájú Ìyá Àgbà ni ògiri kan tí kò ní òpó, tí kò ní ilẹ̀kùn, tí kò ní adìyẹ.

Mo la ẹnu láti sọ ọ́, Màámi sì fi ọwọ́ bo ẹnu mi. Mo ṣì ń rántí òórùn àlùbọ́sà ọwọ́ rẹ̀. Mo rí i tó ń wo ìyá rẹ̀, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí i tó ń ka ohun gbogbo pọ̀ nínú ọkàn rẹ̀: òkúta tó ń wà nínú ẹ̀wà wa láti ìgbà tí Ìyá Àgbà ti ń ṣà á, tó mú kó bá ẹlẹ́wà jà ní Aswani; ìdí tí Ìyá Àgbà fi máa ń sọ pé, "Ta nìyẹn? Wá jẹ́ n gbọ́ ohùn rẹ," bí ẹni tó ń fi ìfẹ́ kí ènìyàn, ìdí tí ó fi ń jókòó lẹ́nu ilẹ̀kùn níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. A ti ń wá awò àti iná láti Òṣòdì dé Àgọ́ Palace fún ojú ẹnì kan, ojú ẹlòmíràn sì ń fọ́ níwájú wa.

Bàámi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kò sì sọ ọ́ láti kó ìtìjú bá a. Ó ní, "Mà, ìgbà wo ni ojú náà ti bẹ̀rẹ̀?"

Ìyá Àgbà kò bọ́ awò náà. Ó ní, "Ó pẹ́ díẹ̀. Ó dà bíi pé wọ́n ta àwọ̀n funfun sí i."

"Ẹ ò sì sọ?" ni Màámi wí.

"Mo ti wá di ẹrù sọ́dọ̀ ọkọ rẹ. Ṣé kí n tún wá di ẹrù tó fọ́jú ni?"

Màámi ní ká lọ sí ilé ìwòsàn ojú. Ìyá Àgbà kọ̀. Ó ní ojú àgbà kì í ṣe àrùn, pé kò sí ẹni tó máa fi abẹ kan ẹyinjú òun. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Alàájì wá, ó sọ̀rọ̀ Ọlọ́run, ó kọ̀ fún Alàájì. Ní ọjọ́ kejì, Bàámi gbé òrùlé tó ti ṣe tán, tó ti dí ihò ara rẹ̀, ó fi aṣọ wé e, ó sì tì í sínú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Mà, ẹ máa dárí jì mí. Ilé yín ò ní ní òrùlé títí ẹ ó fi rí i." Kò tíì bá ìyá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ ìdọ̀bálẹ̀. Ìyá Àgbà bínú, kò jẹ àsáró lọ́sàn-án. Nígbà tí ìkùukùu ṣú lọ́jọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, tí àrá sán lẹ́ẹ̀kan, mo gbọ́ tó ń fọwọ́ wá orí tábìlì. Ó fọwọ́ kan òkè ògiri, ó rí i pé òfìfo ni. Òun tó mọ ohun tí òjò ń ṣe fún ilé tí kò lórùlé, kò lè fara dà á, àní bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò ò lè wọ yàrá wa. Ó pe Màámi, ó ní kí ó wá bá òun mú ìró tó mọ́ tí òun yóò ró lọ sí ilé ìwòsàn.

Iṣẹ́ abẹ náà kò le tó bí gbogbo wa ti rò. Wọ́n ṣe ojú kan ná, wọ́n fi owú bò ó, wọ́n sì ṣí i ní ọjọ́ kejì. Ọ̀sán ni Màámi àti Ìyá Àgbà darí dé. Wọ́n ti gé Pí-Ó-Pì Bàámi nígbà yẹn, ó gbìyànjú láti dọ̀bálẹ̀, ẹsẹ̀ kò gbà fún un, ó sì dúró ní ìdajì ọ̀nà. Ìyá Àgbà kò lọ wo ilé. Èèyàn ló ń wò. Ó gbá mi mú lágbọ̀n, ó wò mí títí, ó ní, "Háà, imú ìyá mi lo gbé kiri báyìí, ẹnì kan ò sọ fún mi." Ó wo Màámi, ó ní ó ti rù. Ó wá yíjú sí Bàámi tó ṣì tẹ̀ bí ẹni tó ń wá owó nílẹ̀, ó wò ó láti orí tó ti ń pá dé ẹsẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì bi Màámi pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Ṣé ẹni tí mo fún ọ nìyí, àbí wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀?"

"Èmi náà ni, mà," ni Bàámi wí.

"Ẹ dìde, ọkọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

Lẹ́yìn tó jẹun tán ló ní kí wọ́n tan láǹpù méjèèjì. Ó dé awò Bọ̀dá Sùlé. Bàámi yí iwájú ilé sí i, ó sì fà sẹ́yìn bí ọmọ iléèwé tó ń retí èsì. Ìyá Àgbà wo òpó kọ̀ọ̀kan. Ó wo ilẹ̀, ó wo ìgò inú ilẹ̀. Ó wo adìyẹ tí Bàámi fi irun búrọ́ọ̀ṣì ṣe ìrù rẹ̀. Ó pẹ́ lórí rẹ̀ débi pé Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í tún gèlè rẹ̀ wé láìnídìí.

"Kò jọ ọ́," ni Ìyá Àgbà wí níkẹyìn. "Kò jọ ọ́ rárá."

Bàámi na ọwọ́ sí ilé náà láti gbé e kúrò.

"Ṣùgbọ́n màá gbé ibẹ̀."

Bàámi lọ ṣí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó tú aṣọ tó fi wé òrùlé, ó fi gọ́ọ̀mù pa etí rẹ̀ yí ká, ó sì gbé e lé Ìyá Àgbà lọ́wọ́. Ìyá Àgbà fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sókè, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí tí gọ́ọ̀mù fi mú un. Ó wọ́ díẹ̀ sí apá ọ̀tún. Gbogbo wa rí i lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ yẹn. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án.